Gbólóhùn Àkọ́kọ́ Nínú Ìwé Ẹni Tí Ń Wá Yunifásítì

Ọmọ tí a bí sí Agbowa, ìlú ẹ̀bá ọ̀sà tí ń bẹ láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní ilẹ̀ Ìkòsì, kì í ti ẹnu ara rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ẹni tí òun í ṣe. Ìyá àgbà ní í sọ fún un. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ọmọ náà kúnlẹ̀ tàbí tí ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọn a pe oríkì àbísọ rẹ̀, wọn a bọ́ sórí oríkì orílẹ̀, wọn a dárúkọ baba ńlá rẹ̀ tí ó lówó tí kò fi ṣe fọ́ńté, àti èyí tí ó rí ogun tí kò kẹ̀yìn sí i, títí orí ọmọ náà yóò fi wú; ọ̀rọ̀ tí ọmọ fúnra rẹ̀ sì sọ nínú gbogbo rẹ̀ kò ju "ẹ ṣeun, Ìyá" lọ. Ẹlòmíràn ní í ki ènìyàn láàárín wa. Ẹni tí ó bá jókòó sí gbangba tí ó ń ki ara rẹ̀, àwọn tí ń kọjá lọ yóò máa bi ara wọn léèrè bóyá kò ní ará ilé ni.

Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá dàgbà, tí ó parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí ọkàn rẹ̀ sì fà sí yunifásítì kan ní ìlú òyìnbó, wọn a gbé fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀ pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú ẹni tí òun jẹ́, ohun tí òun fẹ́ kọ́, àti ìdí rẹ̀ tí ó fi yẹ kí wọ́n gba òun wọlé. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí orí wọn pé, tí ẹnu wọn sì mú bí abẹ, tí gbólóhùn àkọ́kọ́ inú ìwé yìí gbé dè mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n so wọ́n mọ́ òpó. Àwọn kan ní àìgbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni ó fà á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ogún méjì ni ọmọ náà jẹ: ó jẹ ogún oríkì, tí kò fún un láyè láti yin ara rẹ̀, ó sì jẹ ogún àwọn akọ̀wé ayé àtijọ́, tí ó kọ́ ọ láti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó tọrọ ohunkóhun. Ogún kejì yìí ni ìtàn rẹ̀ gùn.

Kí ọdún 1892 tó dé, àwọn Ìjẹ̀bú ni wọ́n ni ẹnubodè láàárín ọ̀sà àti òkè. Oníṣòwò tí ó bá ti Èkó gba orí ọ̀sà wá pẹ̀lú iyọ̀, aṣọ àti ọtí, ọjà Ejìnrìn ni yóò ti pàdé epo àti èkùrọ́ tí ó ti òkè wá, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti yí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Bí ó ti wù kí ẹsẹ̀ yún un tó, wọn kò ní jẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀nà tí ọjà ń gbà wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun Carter, Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n sì gbéra lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n jà ní Ìmàgbọn, ìbọn ẹ̀rọ borí ṣakabùlà, ẹnubodè sì ṣí. Ìwé wọlé tọ àwọn ọmọ ogun lẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n ti kọ ẹ̀yìn sí àlùfáà fún ọ̀pọ̀ ọdún wá ń du ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, nígbà tí ó sì di ọdún 1913, Ìjẹ̀bú-Òde ti ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀wé kò pọ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ìwé kí ìjọba tó gbọ́ ọ sì pọ̀ bí eṣú. Ẹni tí ó ń ṣẹjọ́ ilẹ̀, ẹni tí owó orí wọ̀ lọ́rùn, ẹni tí ó fẹ́ kí ọmọ òun ríṣẹ́ ní réluwéè, gbogbo wọn ní láti wá akọ̀wé. Báyìí ni iṣẹ́ akọ̀wé ìta ṣe dìde ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ọkùnrin tí wọ́n gbé tábìlì kalẹ̀ sí ẹ̀bá kóòtù àti ilé ìfìwéránṣẹ́, tí taìpù wọn ń dún gbàmù-gbàmù, tí wọ́n ń gbowó láti sọ ẹjọ́ aláìmọ̀wé di èdè ajẹ́lẹ̀. Òfin ọdún 1915 tí ìjọba ṣe láti dáàbò bo àwọn aláìmọ̀wé pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá bá wọn kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i pẹ̀lú. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àwọn tí ayé sú. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ṣe é kí ó tó gba oyè ìmọ̀ nípa ìṣòwò lọ́dọ̀ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 láìkúrò nílé, àti kí ó tó wọkọ̀ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin lọ́hùn-ún.

Bí àwọn akọ̀wé yìí ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kò yí padà: mo ní ọlá, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ tí ó ga jùlọ, láti tọrọ lọ́wọ́ yín pé kí ẹ ṣíjú àánú wò mí. Wọn a sì parí rẹ̀ pé èmi ni ìránṣẹ́ yín tí ó gbọ́ràn jùlọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní máa ń fi èyí ṣẹ̀sín, wọ́n ní ẹ̀mí ẹrú ni. Wọ́n ṣì í wí díẹ̀, nítorí pé Gómìnà pàápàá, nígbà tí ó bá ń kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìránṣẹ́ onígbọràn ni ó ń pe ara rẹ̀. Ìlànà ọ́fíìsì ni, gẹ́gẹ́ bí ìdọ̀bálẹ̀ ti jẹ́ ìlànà nílé wa. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè lo gbólóhùn kan ṣoṣo, kí ẹni tí ó ń kà á má sì mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í sọ orúkọ ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀.

Yorùbá kan sì ti wà, ṣáájú gbogbo wọn, tí ó mọ ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1837, Samuel Àjàyí Crowther jókòó ní Sàró, ó kọ lẹ́tà sí Àlùfáà William Jowett, akọ̀wé CMS, ẹgbẹ́ àwọn ajíhìnrere. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá nígbà náà tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní àkọ́kọ́ pàá nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Fourah Bay, ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò di ara Yunifásítì Durham ní 1876, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó yóò sì gba ibẹ̀ di ẹni ńlá. Kò tọrọ àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan nínú lẹ́tà yẹn. Ìtàn bí òun ṣe di ẹrú ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìwà pẹ̀lẹ́ díẹ̀ àti ọpẹ́ sí Ọlọ́run, ó mú wa dé Òṣoògùn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, tí wọ́n ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fura, tí ìró sì ta káàkiri ìlú pé ọ̀tá ti dé tòsí. Kò sọ pé òun ní ìforítì, kò sọ pé òun gbọ́n. Nígbà tí yóò fi rìn wá dé bí wọ́n ṣe tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, àti bí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbà á kúrò nínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní oṣù kẹrin 1822, ta ni kò tíì mọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀? Àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin.

Ọ̀nà yìí kò rí ẹni tọ̀ ọ́, nítorí pé àwọn yunifásítì ilé kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Yaba Higher College ní 1934, University College Ìbàdàn ní 1948, Ifẹ̀ àti Èkó lẹ́yìn wọn, ìdánwò ni gbogbo wọn fi ń yan ọmọ, èyí kò sì burú. Láti 1978 ni JAMB, àjọ ìdánwò ìwọlé, ti gba iṣẹ́ náà. Pẹ́ńsù ni àwọn ọmọ fi ń kun ìdáhùn tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tẹ̀ nísinsìnyí. Ọmọ Agbowa tí ó fẹ́ wọ LASU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní Ẹ̀pẹ́ nítòsí rẹ̀, máàkì ni yóò sọ̀rọ̀ fún un. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kò kàn án.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti kàn án. Wọ́n dá àjọ UCCA sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1961 kí gbogbo ìwé ìwọlé lè gba ojú kan; ní 1993 ni òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ papọ̀ di UCAS, wọ́n sì ń fún ọmọ ní àyè lẹ́tà àti àlàfo 4,000 láti fi sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù ìwọlé tí wọ́n ń pè ní Common App kò fẹ́ kí ó ju ọ̀rọ̀ 650 lọ. UCAS pàápàá ti tẹ àwọn ìbẹ̀rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jùlọ jáde rí, "láti kékeré mi" sì wà lára wọn. Ṣé ẹ rí i pé àwọn ọmọ òyìnbó náà ní akọ̀wé ìta tiwọn, bí kò tilẹ̀ sí tábìlì lẹ́bàá kóòtù? Ẹni tí ó kọ pé láti kékeré ni òun ti fẹ́ràn ìmọ̀ ìṣègùn kò sọ ju ohun tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn sọ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó dàgbà lẹ́bàá ọ̀sà, tí ó ti wo bí àwọn apẹja ṣe ń mọ ìgbà tí omi yóò yí láti oníyọ̀ sí aláìníyọ̀, tí ó sì béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ kẹ́mísìrì, ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó sọ ohun tí ó rí, kí ó sọ ìbéèrè tí ó bí nínú rẹ̀, kí ó sì sọ ìwé tí ó tìtorí rẹ̀ ṣí. Kò ní ki ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dọ̀bálẹ̀.

Láti orí àwọn tí ó wọlé ní 2026, UCAS ti pín ìwé náà sí ìbéèrè mẹ́ta: ìdí tí o fi fẹ́ ẹ̀kọ́ yìí, bí ohun tí o ti kọ́ ṣe múra rẹ sílẹ̀ fún un, àti ohun tí o ti ṣe lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wúlò fún un. Lẹ́tà 4,000 náà kò yí padà, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ dín ní 350. Inú mi dùn sí i, nítorí pé ẹni tí a bá bi ní ìbéèrè kò ní àyè láti wá ọ̀rọ̀ dídùn tí yóò kọ́kọ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ìdáhùn ni gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò jẹ́. Mo sì rò pé ìbéèrè kẹta ni yóò gbe ọmọ ẹ̀bá ọ̀sà jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó ti ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ àti nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, tí kò kà sí nǹkan kan, ibẹ̀ ni àyè wọn wà.