Ìmọ́lẹ̀ Inú Ilé: Láti Orí Fìtílà dé Orí Iná Mànàmáná

Iṣẹ́ tí ènìyàn fẹ́ ṣe nínú yàrá ni ó ń sọ irú ìmọ́lẹ̀ tí yàrá náà nílò. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn Yorùbá àtijọ́. Nínú agbo ilé wọn, fèrèsé kéré, yàrá sì ṣókùnkùn, nítorí pé oorun àti ìpamọ́ ẹrù ni yàrá wà fún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó yí àgbàlá ká ni a ti ń ṣe iṣẹ́ ojúmọmọ: níbẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń rànwú, níbẹ̀ sì ni àgbà ti ń gba àlejò. Àgbàlá tí ń gba omi òjò náà ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn sínú ilé. Ẹni tí ó bá pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ilé òkùnkùn kò tí ì wo ètò rẹ̀ dáadáa.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, iṣẹ́ di ti fìtílà. Amọ̀kòkò a máa fi amọ̀ mọ ọ́n, alágbẹ̀dẹ a sì máa fi irin rọ ọ́. Epo pupa, àdín tàbí òrí ni a ń bù sí i, òwú tí a lọ́ ni ó sì ń fa epo náà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó fún oúnjẹ alẹ́ àti àlọ́. Níbi tí ayẹyẹ bá wà, ojú iná a máa pọ̀ sí i. Àtùpà Olójúmẹ́rìndínlógún tí a ń tàn nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo jẹ́ ẹ̀rí.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nǹkan méjì yí ètò yìí padà. Èkíní ni ilé fúnra rẹ̀. Àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà kọ́ ilé onífèrèsé gbòòrò sí Èkó, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì wọ yàrá. Èkejì ni epo òyìnbó, ìyẹn kẹrosíìnì, tí Abraham Gesner gba ẹ̀tọ́ ṣíṣe rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1854. Láńtánì onígíláàsì jẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé lè kàwé lóru láìbẹ̀rù afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n àtùpà alágolo tí kò ní gíláàsì ń rú èéfín, epo tí a sì lú mọ́ bẹntiróòlù ti sun ilé, ó ti pa ènìyàn.

Iná mànàmáná dé Èkó kí ọ̀rúndún náà tó parí. Òfin tí ó dá ECN sílẹ̀ jáde ní 1950. Kainji bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968. NEPA sì gba ipò ECN ní 1972. Orúkọ NEPA kúrò lórí ìwé ní 2005, ṣùgbọ́n ẹnu kò tí ì fi í sílẹ̀. Ìrọ̀rùn iná yìí ni ó mú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbà pé gílóòbù kan ṣoṣo láàárín àjà tó fún gbogbo iṣẹ́. Òjìji akàwé a bo ìwé rẹ̀, iná a sì máa gún un lójú. Gílóòbù àtijọ́ tún ń sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná tí ó ń jẹ di ooru. Lónìí, LED wáàtì 9 ń tàn tó gílóòbù àtijọ́ wáàtì 60.

Ìtàn yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sí fìtílà. Ohun tí ó ń kọ́ni ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ kò yí padà: iṣẹ́ wo ni a ó ṣe níhìn-ín? Kí fèrèsé kọ́kọ́ gba oòrùn, kí ògiri funfun sì tàn án ká. Lẹ́yìn náà ni kí àtùpà wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, kí ó wà níwájú ẹni tí ń dáná, kí ó sì rọlẹ̀ níbi tí a ó sùn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri yóò máa tan iná lọ́sàn-án gangan. Bí iná bá sì lọ, ẹ̀kọ́ dúró. Àwọn tí ó kọ́ ilé yí àgbàlá ká kò kó sínú irú ìyọnu bẹ́ẹ̀.