Ihò Inú Ọkàn Ọmọ: Láti Ẹnúgu 1974 Dé Kirikiri Òde Òní

Ẹni tó bá ń gba Kirikiri lọ sí Mile 2 lójoojúmọ́ yóò ti rí wọn rí. Obìnrin kan wọ inú dánfó, ó pọn ọmọ jòjòló sẹ́yìn, ó sì gbé lẹ́tà ilé ìwòsàn dání, èyí tí wọ́n fi ọ̀rá bò kí òjò má bàa bà á jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn èrò ọkọ̀. Àwọn kan á yí ojú sí fèrèsé. Ẹnì kan á na igba náírà sí i. Ẹlòmíràn á kùn pé oníjìbìtì ni, torí pé àwọn oníjìbìtì kúkú wà nídìí rẹ̀, a kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n àrùn tí wọ́n ń kọ sínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àròsọ: ihò wà nínú ọkàn ọmọ, iṣẹ́ abẹ ni yóò dí i, owó rẹ̀ sì ju ohun tí ẹbí kan lè dá kó jọ.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ìròyìn, irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n á ya ọmọ ní fọ́tò, wọ́n á tẹ nọ́ńbà báńkì sí abẹ́ rẹ̀, ó parí. Àyè tí wọ́n ń fún un kì í ju ìdá mẹ́rin ojú ìwé kan lọ, ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì lè gba ibẹ̀. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé. Báwo ni orílẹ̀-èdè tó ti ṣí ọkàn ènìyàn tó sì tún un ṣe ní 1974 ṣe di ibi tí bàbá ọmọ ti ń ta kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀, tí ìyá ọmọ sì ń ṣagbe nínú ọkọ̀?

Àrùn ọkàn àbímọ́ kì í ṣe ohun tí ọmọ kó lára ẹnikẹ́ni. Inú oyún ló ti bẹ̀rẹ̀, láàrin oṣù méjì àkọ́kọ́, nígbà tí ọkàn ọlẹ̀ ń pín ara rẹ̀ sí yàrá mẹ́rin. Bí ògiri tó yẹ kó ya yàrá méjì sọ́tọ̀ kò bá pàdé tán, ihò á ṣẹ́kù síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á máa gba ibẹ̀ ya síbi tí kò yẹ, ẹ̀dọ̀fóró á sì máa gba ẹ̀jẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á máa làágùn bó bá ń mu ọmú, á máa yára mí, kò sì ní sanra. Oríṣi mìíràn wà tí dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Fallot ṣàlàyé ní 1888: àbùkù mẹ́rin ló para pọ̀ nínú rẹ̀, ètè àti èékánná ọmọ á sì máa ṣe bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ láró nígbà tó bá ń sunkún. Kárí ayé, nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bí, nǹkan bíi mẹ́jọ ló máa ń ní àbùkù kan tàbí òmíràn nínú ọkàn. Àwọn ihò kéékèèké kan máa ń dí fúnra wọn. Àwọn mìíràn kì í dí.

Àwọn baba ńlá wa rí àwọn ọmọ wọ̀nyí, ó kàn jẹ́ pé wọn kò mọ̀ pé ọkàn ni. Àbíkú ni wọ́n pè wọ́n. Wọ́n sọ wọ́n ní Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòkúmọ́, Kòsọ́kọ́, orúkọ tó jẹ́ ẹ̀bẹ̀, tó tún jẹ́ ìhalẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ pé àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde wà nídìí ọ̀pọ̀ ohun tí a pè ní àbíkú, àti ohun tí àwọn Ìgbò pè ní ọgbanje. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ètè rẹ̀ dúdú bí aró, tó ń dákú bó bá sunkún jù, tí kì í dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ṣòro fún mi láti gbà pé kò sí irú rẹ̀ láàrin wọn. Kò sí ẹni tó lè yẹ ara wọn wò mọ́.

Ìgbà tí UCH Ìbàdàn ṣílẹ̀kùn ní 1957 ni àyè ṣí sílẹ̀ láti ka irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní 1967, àwọn dókítà méjì níbẹ̀, Gupta àti Antia, gbé ìwádìí wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ọkàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mẹ́ta àbọ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bí ni wọ́n rí. Iye yẹn kéré sí ti àgbáyé, kò sì yẹ kó yani lẹ́nu, torí pé ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, èyí tí gbogbo ilé ìwòsàn ńlá ń lò lónìí, kò tíì sí lọ́wọ́ wọn. Kékeré tó tóbi ni iye náà ṣáá. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti fi iye kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ń bẹ.

Nígbà yẹn, àwọn tó wà lókè òkun ti mọ bí wọ́n ṣe ń tún irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ṣe, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà mọ̀ ọ́n kò dùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá 1944, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, Alfred Blalock ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan tí ètè rẹ̀ dúdú bí aró. Helen Taussig, dókítà àwọn ọmọdé, ló mú àbá náà wá. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ náà, tó ṣe é léraléra lára ajá kí wọ́n tó gbé e dé orí ènìyàn, ni Vivien Thomas, aláwọ̀ dúdú tó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, tí owó tó fẹ́ fi lọ sí yunifásítì ṣègbé nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé. Ní yunifásítì tí òun àti Blalock ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ pọ̀, agbálẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé owó oṣù. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ẹ̀yìn Blalock ló dúró sí, ó ń sọ bí yóò ṣe rán iṣan ẹ̀jẹ̀ náà fún un. Ọdún 1976 ni wọ́n tó fún un ní oyè dókítà ìdánilọ́lá. Ọmọ àkọ́kọ́ yẹn lo oṣù díẹ̀ sí i kó tó kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé e gbádùn ọ̀nà tí wọ́n là.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní Minnesota, Walton Lillehei fẹ́ dí ihò inú ọkàn ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọdún kan. Ọkàn kò ṣeé ṣí bó bá ń lù, bó bá sì dúró, ọmọ á kú. Ọjọ́ 26 oṣù kẹta 1954 ni wọ́n tẹ́ bàbá ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n so iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì pọ̀, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró bàbá sì ń ṣiṣẹ́ fún ẹni méjì títí wọ́n fi rán ihò náà. Ọmọ yẹn kú lọ́jọ́ kọkànlá. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún aláìsàn márùndínláàádọ́ta lápapọ̀, méjìdínlọ́gbọ̀n sì yè é. Láìpẹ́, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òbí. Bí mo bá rí bàbá kan l'Ájégúnlẹ̀ tó ń gba owó èlé lọ́wọ́ alájọ nítorí ọkàn ọmọ rẹ̀, bàbá Minnesota yẹn ni mo máa ń rántí. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹ̀rọ ti wà báyìí.

Ó sì dé ọ̀dọ̀ wa kíákíá. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì 1974, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ogun Biafra, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nínú èyí tí wọ́n ṣí ọkàn sílẹ̀. Ilé ìwòsàn UNTH ní Ẹnúgu ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu ló ṣáájú ikọ̀ náà, Magdi Yacoub, ọmọ Íjíbítì tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì wá bá wọn ṣe é.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni kò ṣeé fi yangàn. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, gbogbo iṣẹ́ abẹ irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Ẹnúgu kò ju bí ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: mẹ́rin lọ́dún. Ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ tó ń ṣe mẹ́rin lọ́dún kò lè yá. Ohun èlò tó ń fún ẹ̀jẹ̀ ní afẹ́fẹ́ nígbà iṣẹ́ náà, aláìsàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó fún kí wọ́n tó dà á nù, òkè òkun ló sì ti ń wá. Nígbà tí náírà ṣubú ní 1986 lábẹ́ ètò SAP, ohun èlò wọ́n, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì sì bá ọ̀nà Sáúdí àti Amẹ́ríkà lọ. Torí pé ó wọ́n, àwọn díẹ̀ ló lè san án. Torí pé àwọn díẹ̀ ló ń san án, ó túbọ̀ wọ́n. Ọdún 2013 ni iṣẹ́ tó tún gbéra nílẹ̀ ní Ẹnúgu, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ikọ̀ tó ń wá láti Amẹ́ríkà. LASUTH ní Ìkẹjà ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti 2004, àwọn ikọ̀ àlejò náà ló kọ́kọ́ ń bá wọn ṣe é. Bí àlejò bá ti padà sílé, ìgbà tó bá tún dé ni aláìsàn ń retí.

Ẹ wo Gánà tí kò tó wa ní èrò. Frimpong-Boateng padà wálé láti Jámánì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ibùdó ọkàn ní Korle Bu ní 1989, ibùdó yẹn kò sì kú. Ní Bangalore ní Íńdíà, Devi Shetty dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn lọ́pọ̀ lọ́pọ̀ lójúmọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí wa ń forí lé, pẹ̀lú owó físà àti owó ọkọ̀ òfurufú lórí rẹ̀.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí gbogbo ará Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe dókítà. Agbábọ́ọ̀lù ni. Ní 1996, kété lẹ́yìn tí Nwankwo Kanu gba góòlù Òlíńpíìkì ní Atlanta, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un ní Inter Milan fi hàn pé ilẹ̀kùn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn rẹ̀ jáde kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ọmọ ogún ọdún ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún un ṣe ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, ó sì padà sórí pápá ní 1997. Ní àdúgbò tó bí Odion Ighalo, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú iyẹ̀pẹ̀ Maracana, ó dájú pé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ á wọ̀ wọ́n lára. Ní 2000, Kanu dá Kanu Heart Foundation sílẹ̀, àjọ náà sì ti gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ lọ fún iṣẹ́ abẹ, sí Ísírẹ́lì, sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí Íńdíà. Kí Ọlọ́run san án fún un. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá jẹ́ ilé ìṣúra fún àìsàn gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn tó wà lórí ìlà á máa pọ̀ ju àwọn tó ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ. Òun fúnra rẹ̀, nígbà tó tún nílò iṣẹ́ abẹ kejì ní 2014, Amẹ́ríkà náà ló tún lọ. Ogójì ọdún lẹ́yìn Ẹnúgu nìyẹn.

Ní ti owó, ká fi 5,000 dọ́là ṣe àpẹẹrẹ lásán. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, nígbà tí báńkì ń ta dọ́là ní nǹkan bí 460 náírà, mílíọ̀nù méjì àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ni. Ní 2024 tí dọ́là kọjá 1,500, ó di mílíọ̀nù méje àbọ̀. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin, 70,000 náírà, á ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́jọ àti oṣù mọ́kànlá láìjẹun kó tó rí i. Ètò Ìlera Èkó tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 2018 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8,500 náírà fún ẹnì kan lọ́dún, 40,000 fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà. Ó wúlò fún ibà àti ìbímọ. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ẹrù iṣẹ́ abẹ ọkàn.

Ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ àkókò ni. Ọmọ tí ihò ńlá wà nínú ọkàn rẹ̀ kò ní ọdún mẹ́jọ. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá ti ń gba ẹ̀jẹ̀ àgbàjù, iṣan inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í le, á sì dé ibi tí dókítà á sọ pé dídí ihò náà lè pa ọmọ ju fífi í sílẹ̀ lọ. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn òbí: owó pé, ọjọ́ ti kọjá. Kó tó dé ibẹ̀ rárá, oṣù mélòó ni wọ́n ti pàdánù? Ní Kirikiri, ọmọ tó ń yára mí, òtútù àyà ni wọ́n á kọ́kọ́ máa wò fún un, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnì kan tó gbé etí lé àyà rẹ̀ dáadáa. Wọ́n á tọ́ka wọn sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ajéròmí, láti ibẹ̀ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ojú ọ̀nà náà kò jìnnà lójú àwòrán ilẹ̀. Ẹni tó bá ti há sáàárín ọkọ̀ agbépo ní Apápá pẹ̀lú ọmọ tí kò lè mí ló mọ bó ṣe jìnnà tó.

Apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò gba mílíọ̀nù. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi há ìka ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò gba abẹ́rẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà. Kì í rí gbogbo ihò, àmọ́ ó ń rí púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ ètè di aró, àní kó tó hàn sójú. Láti 2011 ni Amẹ́ríkà ti fi í kún àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tuntun kó tó kúrò ní ilé ìgbẹ̀bí. Ọ̀pọ̀ wa níbí kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nígbà àrùn Kòrónà ní 2020. Ìyá tó ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Kirikiri tàbí Ajégúnlẹ̀ lè béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n ní in, kó sì sọ fún un bí ọmọ bá ń làágùn nídìí ọmú.