Undertaker, Kamala àti Àwa Ọmọ Ìbàdàn

Tí o bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí o sì ṣì ń wo wrestling, ọ̀rọ̀ kan wà tí o ti gbọ́ títí tó fi sú ọ: "Ṣé o ò mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa ni?" Àwọn tí a jọ ń ṣe Masters máa ń sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé àwọn ló kọ́kọ́ rí i. Àwọn yìí kan náà lè tìtorí Arsenal àti Chelsea má bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ní Agbowó o! Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti bá mi nídìí wrestling, wọ́n á ní ìwà ọmọdé ń yọ mí lẹ́nu. Ó dáa, ìtàn ni mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn. Ìtàn ọ̀hún sì kan Ìbàdàn wa yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Yorùbá ò kọ́ ìjàkadì lọ́dọ̀ òyìnbó. Ẹni tó bá mọ oríkì Ọ̀fà á mọ̀ pé ìjàkadì wà níbẹ̀ gbọingbọin. Àpótí tó ń fi ìjà hàn ni òyìnbó gbé dé, Ìbàdàn ló sì kọ́kọ́ ní i ní gbogbo Nàìjíríà. Ní 31 October 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tí Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí rẹ̀, ṣí WNTV ní ìlú yìí.

Kò pé ọdún mẹ́rin sí i tí ìjà gidi fi wá bá wa nílé. Ní 10 August 1963, ní Liberty Stadium ní Ring Road (òun ni wọ́n sọ di Obafemi Awolowo Stadium ní 2010), Dick Tiger bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà kan ẹ̀ṣẹ́. Ọmọ Igbo ni Tiger, Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọwọ́ rẹ̀ sì ni bẹ́líìtì àgbáyé wà. Nígbà tí ráùǹdì keje parí, àwọn tó wà lẹ́yìn Fullmer ní ó tó gẹ́ẹ́, kò jáde fún ìkẹjọ. Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé bó ṣe máa parí nìyẹn. Nítorí náà, Ìbàdàn mọ ojúlówó ìjà. Tí ará Ìbàdàn bá wá jókòó ti ìjà àfiṣeré, àìmọ̀kan kọ́ ló gbé e síbẹ̀.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, Power Mike, ìyẹn Michael Okpala ọmọ Neni ní ìpínlẹ̀ Anambra, ti sọ ìjàkadì orí ríìǹgì di nǹkan táwọn bàbá wa ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọmọ tó bá ń jẹun jù: "Ṣé Power Mike lo fẹ́ dà ni?" Ní tiwa, kásẹ́ẹ̀tì fídíò la fi mọ̀ ọ́n. Ní Bódìjà, ilé kan ṣoṣo ládùúgbò ló ní fídíò. Ojú fèrèsé la máa ń dúró sí, tí NEPA bá sì mú iná lọ, a ò ní kúrò, a ó máa dúró kí wọ́n mú un wá. Kásẹ́ẹ̀tì tó dé ọwọ́ wa ti lè pẹ́ tó ọdún méjì, mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó bìkítà.

Undertaker ni ọba wa. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa búra pé ẹ̀mí méje ló ní, pé ó ti lo márùn-ún, ó ku méjì. A gbà á gbọ́. Kí ló dé tá ò ní gbà á gbọ́? Ní January 1994, Yokozuna àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti Undertaker mọ́nú pósí lójú gbogbo ayé. Nígbà tó di August ọdún yẹn, Undertaker méjì ló jáde, wọ́n ń bára wọn jà! Mark Calaway ló ń jẹ́ nílé. Paul Bearer tó máa ń gbé ìkòkò kékeré tẹ̀ lé e, William Moody ni, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú òkú ní tòótọ́. Ẹ ò rí i pé irọ́ yẹn náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú.

Ta ló wá kọ́kọ́ tú àṣírí? Àwọn olówó rẹ̀ fúnra wọn ni. Ní 1989, ilé iṣẹ́ WWF (tó di WWE ní 2002) sọ fún àwọn aṣòfin New Jersey pé fàájì ni wrestling, kì í ṣe ìdíje. Ọ̀rọ̀ owó ni: wọn ò fẹ́ kí ìjọba máa bójú tó àwọn bí wọ́n ṣe ń bójú tó ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́, wọn ò sì fẹ́ san owó orí tó rọ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tú àṣírí fún mi ní ọdún yìí ti pẹ́ jù jàre.

Àwa Yorùbá ṣáà ni. Bí egúngún bá jáde, ta ni ò mọ̀ pé èèyàn ló wà lábẹ́ aṣọ? Àwọn obìnrin ilé tó bá wọn fọ aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́ mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀ wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á gba àdúrà. Ojú rí, ẹnu dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní ọmọdé.

Ibi tó dùn mí ni Kamala. Wọ́n ní ará Uganda ni: ó kun ojú, ó kun ikùn, ó rìn láìwọ bàtà, kò lè sọ̀rọ̀ bí èèyàn. James Harris ni orúkọ rẹ̀, Mississippi ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i, ó sì kú ní August 2020. Ní November 1992, Undertaker tì í sínú pósí. Àwa ọmọ dúdú lójú fèrèsé ní Bódìjà, a pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa pé àwa ni wọ́n ní kí ó ṣe.

Ó ti yí padà, àbí kò yí padà? Ní 10 April 2021, ní WrestleMania 37 ní Tampa, Omos gba bẹ́líìtì pẹ̀lú AJ Styles. Tolulope Omogbehin lorúkọ rẹ̀, Èkó ni wọ́n bí i sí. Inú mi dùn dé orí! Ní ọjọ́ kejì, Apollo Crews, tí ẹbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, bá Big E ja ìjà kan tí wọ́n pè ní Nigerian Drum Fight. Wọ́n ti ní ọmọ ọba ni, wọ́n ti yí ohùn Amẹ́ríkà tó fi ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ padà fún un, wọ́n sì to ìlù yí ríìǹgì ká. Ẹni tó wá gbà á sílẹ̀ ń jẹ́ Commander Azeez. Babatunde Aiyegbusi ni, Poland ni wọ́n ti bí i. Ẹ sọ fún mi, ìlú wo ní Nàìjíríà ni wọ́n ti ń ja irú ìjà bẹ́ẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín, mo sì rántí Kamala.

Ìdí tí mi ò ṣe lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un nìyẹn. Ẹni tó ṣubú, ilẹ̀ gidi ló bá. Ní 23 May 1999, ní Kansas City, Owen Hart ń ti òkè gbọ̀ngàn sọ̀ kalẹ̀ wá sínú ríìǹgì, ohun tó so ó rọ̀ já sílẹ̀, ó sì kú. Wọ́n sì ń bá eré lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn! Ẹni tó bá ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, kó lọ sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

Mo ṣì ń wò ó, mi ò sì ní dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má bi mí mọ́ pé ṣé irọ́ ni. Ẹ bi mí pé ta ló ń kọ irọ́ ọ̀hún, ta ni wọ́n fi ń ṣeré nínú rẹ̀, ta ló sì ń kó owó rẹ̀ lọ. Ìyẹn la lè jókòó lé lórí títí ilẹ̀ á fi mọ́.