Ẹni Tí Wọn Kò Pe Orúkọ Rẹ̀: Ìtàn Adewale Ogunleye Nínú Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

 

Ní àsìkò Kérésìmesì tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan kó ìyàwó àti ọmọ wálé láti Amẹ́ríkà sí àdúgbò tí ọ̀kan lára wa ń gbé ní Magodo Phase 2. Ọmọ náà kò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹ̀wù bọ́ọ̀lù kan tó ti ṣá ni kò fẹ́ bọ́ lọ́rùn. Ẹ̀wù náà balẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, nítorí pé ti bàbá rẹ̀ ni, láti ìgbà tí bàbá náà ń gbé ní Chicago. Nọ́ńbà 93 wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì kọ OGUNLEYE sókè nọ́ńbà náà, láìsí àmì ohùn kankan. Nígbà tí ọmọ náà gbọ́ pé Yorùbá ni à ń kà ní yunifásítì, ó bi wá bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ yẹn, ó sì tún bi wá pé ta ni ẹni náà. A mọ orúkọ náà pè. A kò mọ ẹni tó ni ín. Ojú tì wá díẹ̀, a sì lọ wádìí. Ohun tí a rí rèé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà, nítorí bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe èyí tí à ń wò ní víúwìn sẹ́ńtà ní Ketu. Ènìyàn 11 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ pápá, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní quarterback ló máa ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn yòókù. Àwọn géńdé tò síwájú rẹ̀ bí ògiri kí ọ̀tá má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó dúró ní ìpẹ̀kun ògiri yẹn ni tight end. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó lè dúró dènà, ó sì lè sá síwájú lọ hán bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ tí Cleveland Browns torí rẹ̀ mú David Njoku, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ní 2017 nìyẹn. Ẹni tó sábà máa ń kojú tight end láti òdìkejì ni defensive end. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó já ògiri náà, kí ó sì gbé quarterback ṣánlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbéṣánlẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní sack. Bí ènìyàn méjì bá jọ ṣe é, ààbọ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Defensive end ni Adewale.

Kì í ṣe òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Christian Okoye, tí wọ́n bí ní Enugu, ti wọ Kansas City Chiefs ní 1987. Ní 1989, kò sí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sáré jìnnà tó o nínú gbogbo líìgì náà: 1,480 yáàdì. Àmọ́ ilé ni Okoye ti gbéra. Ìran tó tẹ̀ lé e yàtọ̀. Ọ̀hún ni wọ́n bí púpọ̀ nínú wọn sí. Orúkọ ni wọ́n gbà láti ilé.

Wọ́n bí Adewale ní Brooklyn, New York, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, 1977. Ó dàgbà ní Staten Island, ó lọ sí Tottenville High School, lẹ́yìn náà ó lọ sí Yunifásítì Indiana. Orúkọ rẹ̀ ti ń ròkè níbẹ̀ kí iṣan orúnkún rẹ̀ tó já ní 1999, ọdún tó yẹ kó fi gbogbo ara ta wọ́n yọ.

Ní oṣù kẹrin 2000, àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá jókòó láti yan àwọn ọmọ yunifásítì tí wọ́n fẹ́. Draft ni wọ́n ń pe ètò yìí. Orúkọ 254 ni wọ́n pè. Ti Adewale kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti wá orúkọ ara rẹ̀ lójú pátákó rí, tó wá a láti òkè dé ilẹ̀ tí kò rí i, ni yóò mọ bí nǹkan yìí ṣe máa ń rí lára. Àwa mọ̀ ọ́n. Púpọ̀ nínú wa ló fẹ́ ka Ìmọ̀ Òfin; Yorùbá ni wọ́n fún wa. Títí di òní làwọn ẹbí ṣì ń béèrè pé kí la fẹ́ fi jẹun.

Miami Dolphins gbà á lẹ́yìn draft. Gbogbo ọdún 2000 ló fi tọ́jú orúnkún láìtẹ pápá. Ní 2001, ààbọ̀ sack péré ló ní. Ní 2002, ó di 9 àti ààbọ̀. Ní 2003, ó di 15. Apá méjì ni wọ́n pín líìgì náà sí, ẹgbẹ́ 16 sì wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Nínú apá tí Miami wà, kò sí ẹni tó ní sack tó tirẹ̀ lọ́dún náà. Ẹni tí wọ́n pe orúkọ 254 láìpè é.

Ó wá béèrè owó tó yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun àti Miami kò rí ọ̀rọ̀ náà bákan náà, kò sì yọjú síbi ìgbaradì. Ní oṣù kẹjọ 2004, Miami gbé e fún Chicago Bears. Marty Booker, tó máa ń hán bọ́ọ̀lù, ni wọ́n gbà dípò rẹ̀, pẹ̀lú àǹfààní láti yan ẹnì kan ní ìpele kẹta draft.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Nínú eré 16 tí Miami gbá lọ́dún yẹn, 4 péré ni wọ́n borí. Ṣùgbọ́n kí a má parọ́ mọ́ ìtàn. Ricky Williams, tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré fún wọn, ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lójijì ní oṣù keje. Chicago fúnra wọn kò ṣe dáadáa. 5 ni wọ́n borí, sack 5 sì ni Adewale ní. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òwe náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ. Adewale ní sack 10, Chicago borí nínú eré 11. Ní 2006, wọ́n borí nínú 13.

Ẹ wo àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ Chicago ti 2006 yẹn. Israel Idonije wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bí ní Èkó wa níbí ní 1980, tó sì dàgbà sí Brandon ní Kánádà. Brendon Ayanbadejo wà níbẹ̀, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Adewale Ogunleye ṣìkẹta wọn. Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa orúkọ Yorùbá á rí nǹkan níbẹ̀. Adé máa ń tọ́ka sí ìdílé ọba. Ògún máa ń tọ́ka sí ìdílé ọdẹ, alágbẹ̀dẹ àti jagunjagun. Ayàn máa ń tọ́ka sí ìdílé onílù. Ẹ̀yìn ẹ̀wù bọ́ọ̀lù ní Chicago ni gbogbo wọn ti bá ara wọn pàdé.

Chicago dé àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní Super Bowl ní ọjọ́ 4 oṣù kejì, 2007. Miami ni wọ́n ti gbá a, ní pápá àwọn Dolphins, ẹgbẹ́ tó ti gbé Adewale lọ. Òjò ń rọ̀. Devin Hester gbá ìbẹ̀rẹ̀ eré náà mú, ó sáré gbé bọ́ọ̀lù dé ìpẹ̀kun fún Chicago kí àwọn ènìyàn tó jókòó dáadáa. Síbẹ̀, Indianapolis Colts ló borí, 29 sí 17. Adé wálé lóòótọ́, àmọ́ kò ru adé ọdún yẹn padà. Ayanbadejo gba tirẹ̀ ní 2013 pẹ̀lú Baltimore Ravens. Adewale kò gbà á rárá. Ó wà ní Chicago títí di 2009, ó sì gbá eré ìkẹyìn rẹ̀ pẹ̀lú Houston Texans ní 2010. Sack 67 ló ní lápapọ̀.

Ìdí tí a fi kọ ìtàn yìí ni pé àkọsílẹ̀ tí wọn ò fi orúkọ ènìyàn sí kì í ṣe ìparí ìtàn rẹ̀. A ò sọ pé gbogbo ẹni tí wọn ò bá pè ló máa ní sack 15. Ohun tí à ń sọ ni pé Adewale kò dúró de ìgbà tí wọ́n máa pè é kó tó ṣe ìtọ́jú orúnkún rẹ̀.

Kí ọmọ náà tó padà sí Amẹ́ríkà, a fi báírò kọ orúkọ náà sínú ìwé fún un, tàmì-tàmì: Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ. A ní Ògúnlẹ́yẹ túmọ̀ sí pé Ògún ní iyì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣì í pè lẹ́ẹ̀mejì, ó wá pè é bó ṣe yẹ. Ó ká ìwé náà, ó kì í bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀.