Ohun Tí Agbára Superman Ká, Ohun Tí Kò Ká

Nígbà tí ìwé ìtàn aláwòrán Action Comics kọ́kọ́ gbé Superman jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1938, kò tíì lè fò lófuurufú. Bíbẹ́ ló ń bẹ́. Bí ó bá bẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò balẹ̀ ní nǹkan bí 200 mítà síwájú. Ó lè bẹ́ kọjá ilé alájà 20, ó sì ń sáré ju ọkọ̀ ojú irin lọ. Ìbọn kò ràn án, ṣùgbọ́n ọta àgbá tó bá bú gbàmù lè ya awọ ara rẹ̀. Jerry Siegel tó kọ ìtàn náà àti Joe Shuster tó yà á, ọ̀dọ́ méjì láti Cleveland, ṣàlàyé ibi tí agbára yìí ti wá: ara àwọn èèyàn ayé tí wọ́n ti bí i lágbára ju tiwa lọ. Wọ́n ní kí òǹkàwé wo èèrà tó ń gbé ẹrù tó ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kó wo bí tata ṣe ń bẹ́. Kò sí àlàyé mìíràn tó tún dára tó èyí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ó jẹ́ kí òǹkàwé mọ ibi tí agbára náà dé.

Kò pẹ́ tí ààlà yẹn fi wó. Orí rédíò àti nínú sinimá àwòrán tí ilé iṣẹ́ Fleischer bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1941 ni fífò ti gbilẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì wá sọ agbára náà di ìṣòro. Bí akọni bẹ́ẹ̀ bá wọ ogun, ó yẹ kó parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ogun gidi ń kú lójoojúmọ́. Nínú ìtàn tó jáde nínú ìwé ìròyìn ní 1942, Clark Kent, ìyẹn Superman nínú aṣọ akọ̀ròyìn, lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun. Nígbà tí wọ́n ń yẹ ojú rẹ̀ wò, ojú rẹ̀ wọ inú ògiri lọ, lẹ́tà tí wọ́n kọ sí yàrá kejì ló kà. Wọ́n dá a padà sílé.

Ní 1943, eré orí rédíò gbé kryptonite jáde, òkúta láti ayé rẹ̀ tó fọ́ túútúú, èyí tó ń gba agbára lára rẹ̀. Ó wọ inú ìwé ní 1949. Òkúta yẹn wúlò gan-an, nítorí pé nígbà tí Mort Weisinger jẹ́ olóòtú àwọn ìwé Superman, Superman ti ń ti odindi ayé kúrò níbi tó wà, ó sì ń rìnrìn àjò lọ sí ìgbà àtijọ́. Láti 1960, wọ́n ní oòrùn wa aláwọ̀ ìyeyè ló ń fún un lágbára. Lábẹ́ oòrùn pupa, èèyàn lásán ni. Idán náà lè mú un, ojú rẹ̀ kì í sì í ríran kọjá òjé.

Òǹkọ̀wé Denny O'Neil dín agbára rẹ̀ kù ní 1971, ó sì sọ gbogbo kryptonite ayé di irin, àmọ́ àwọn tó kọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ dá agbára náà padà. Ìdínkù agbára tí òǹkọ̀wé John Byrne ṣe ní 1986 ló pẹ́ jù: Superman tirẹ̀ ní láti sé èémí bí ó bá jáde sí òfuurufú òkè. Ní 1992, abàmì ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Doomsday bá a jà láìsí òkúta, láìsí idán, ìkúùkù nìkan. Àwọn méjèèjì kú. Superman padà wá láàyè ní 1993.