Sophie Olúwọlé

Sophie Bọ́sẹ̀dé Olúwọlé (1935 – 23 oṣù Kejìlá ọdún 2018) jẹ́ onímọ̀ òye ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí a bí ní Ìgbàrà-Òkè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ ló dábàá orúkọ Sophia fún un nígbà ìrìbọmi, nítorí làákàyè rẹ̀. Ọgbọ́n ni ìtumọ̀ orúkọ náà lédè Gíríìkì. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òye ní Nàìjíríà, ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó.

Àwọn onímọ̀ kan gbà pé níbi tí kò bá ti sí ìwé kíkọ, ìmọ̀ òye kò lè sí níbẹ̀. Olúwọlé takò wọ́n. Nínú ìwé rẹ̀, Socrates and Orunmila (2014), ó fi Ọ̀rúnmìlà wé Socrates ará Áténì. Socrates fúnra rẹ̀ kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Plato, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, wà lára àwọn tó kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọ̀rúnmìlà sì wà nínú odù Ifá 256, tí àwọn babaláwo ń kọ́ sórí. Kí ló wá dé tí a fi ń pe ọ̀kan ní amòye, tí a sì ń pe èkejì ní òrìṣà nìkan? Ó tún tọ́ka sí i pé nínú èrò Yorùbá, tibi tire jọ ń rìn ni, ọ̀kan kì í lé èkejì jáde.