BÍ A TI PA Ọ̀NÀ BUDDHA MỌ́ NÍ ERÉKÙṢÙ LANKA

Buddha, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ẹni tí ó jí, kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Nínú ìwàásù rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí ó wàá fún ọkùnrin márùn-ún lẹ́bàá ìlú Benares ní Índíà, ó ní kí ẹni tí ń wá ìlàlójú ọkàn yẹra fún ìgbádùn ara, kí ó sì yẹra fún fífi ìyà jẹ ara pẹ̀lú. Ọ̀nà tí ó wà láàárín méjèèjì ni kí ó tọ̀. Ọ̀nà náà ní ẹ̀ka mẹ́jọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí wíwo nǹkan bí ó ti rí gan-an, ó kan ọ̀rọ̀ ẹnu, ìwà, àti iṣẹ́ òòjọ́ ẹni, títí ó fi dé ìparọ́rọ́ ọkàn. Ẹnu ni a fi ń kọ́ni ní gbogbo rẹ̀, inú orí ni a sì ń pa á mọ́ sí. Níbẹ̀ ni ewu wà.

Ní nǹkan bí ọdún 250 kí a tó bí Olúwa wa, Mahinda, ẹni tí ìtàn erékùṣù náà pè ní ọmọ Asoka ọba, mú ẹ̀kọ́ yìí dé Lanka, ilẹ̀ tí a ń pè ní Ceylon títí di ọdún 1972. Ó gbilẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 103 ṣáájú ìbí Kristi, ogun láti gúúsù Índíà lé Vattagamani ọba kúrò ní Anuradhapura, ìyàn ńlá sì mú. Ọ̀pọ̀ mọ́ńkì kú. Àwọn mìíràn sá rékọjá òkun. Àwọn ìwé àlàyé àtijọ́ sọ pé 60 nínú wọn dé etíkun, wọ́n sì yí padà, wọ́n ń jẹ gbòǹgbò àti ewé fún ọdún 12. Bí ara bá gbà wọ́n, wọn a jókòó ka ẹ̀kọ́ náà lórí. Bí kò bá gbà wọ́n mọ́, wọn a kó iyanrìn jọ, wọn a dùbúlẹ̀ yí i ká, wọn a kó orí jọ sójú kan, wọn a sì máa rò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn 700 tí ó sá lọ padà dé, wọ́n fi tiwọn wé ti àwọn wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ kan kò yàtọ̀.

Nígbà náà ni àríyànjiyàn dìde. Èwo ni gbòǹgbò ẹ̀sìn náà: mímọ ẹ̀kọ́ ni, tàbí rírìn ní ọ̀nà? Àwọn tí ń wọ àkísà ní rírìn ni. Àwọn oníwàásù ní mímọ̀ ni, àwọn ni wọ́n sì borí. Ẹni tí ó yó lè ṣe lámèyítọ́ ìdájọ́ yìí, nítorí kí ni èrè ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rìn? Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ti rí i pé bí ẹni ìkẹyìn tí ó mọ ọ̀nà bá kú, àwọn tí ń bọ̀ kò ní rí ibi tí wọn yóò gbé ẹsẹ̀ sí. A tilẹ̀ sọ pé ìwé kan wà tí ó kù sórí mọ́ńkì kan ṣoṣo, oníwàkiwà ni ọkùnrin náà sì ni. Alàgbà kan kọ̀ láti sún mọ́ ọn. Wọ́n rọ̀ ọ́ títí ó fi lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Vattagamani gba ìtẹ́ rẹ̀ padà ní nǹkan bí ọdún 89. Ní ìjọba rẹ̀ ni àwọn mọ́ńkì péjọ, ní Aluvihara lẹ́bàá Matale gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìbílẹ̀ ti wí, tí wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Pali. Ewé ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe ìwé. Títí di òní, a ṣì ń fi bí a ti ń fi gègé irin ha ọ̀rọ̀ sára ewé náà han àwọn àlejò níbẹ̀.